Kámẹ́rà, ìmọ́lẹ̀ àti àtúnṣe fún ẹni tó fẹ́ máa ta fọ́tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹni tó fẹ́ máa fi fọ́tò sí Shutterstock, Adobe Stock, iStock tàbí Alamy, àwọn ilé ìtajà fọ́tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni a kọ ojú ewé yìí fún. Ẹ jẹ́ kí ohun kan wà lọ́kàn yín bí ẹ ṣe ń kà á: ohun èlò iṣẹ́ ẹlòmíràn ni irú fọ́tò yìí. Ẹni tó bá rà á yóò gé e, yóò kọ ọ̀rọ̀ sí i lára, yóò yí àwọ̀ rẹ̀ padà, yóò tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ìpolówó. Aṣọ tí a kò tíì rán ni à ń tà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti rán tán. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdáhùn ìsàlẹ̀ yìí ti wá.

Ṣé dandan ni kí n ra kámẹ́rà olówó ńlá kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Kò pọn dandan. Megapixel 4 (ìyẹn mílíọ̀nù mẹ́rin pixel, àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò) ni ìwọ̀n tó kéré jù tí Shutterstock àti Adobe Stock ń gbà, kámẹ́rà èyíkéyìí tó ṣeé pààrọ̀ lẹ́ǹsì rẹ̀ tí wọ́n ṣe láti bí ọdún 10 sẹ́yìn sì ti kọjá ibẹ̀ dáadáa. Èyí tó ní megapixel 24 máa ń ya fọ́tò tó jẹ́ pixel 6000 ní ìbú, 4000 ní gíga. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí pépà ní pixel 300 fún ínǹṣì kan, ínǹṣì 20 ni yóò fẹ̀, yóò sì ga ju ínǹṣì 13 lọ díẹ̀. Ìyẹn tó fún ojú ewé méjì tí a ṣí sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn.

Kí ẹ tó wo megapixel, sensor ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ìyẹn pátákó kékeré inú kámẹ́rà tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Ti full frame jẹ́ mìlímítà 36 sí 24. APS-C jẹ́ nǹkan bíi 23.5 sí 15.6, ti Canon kéré sí i díẹ̀. Micro Four Thirds jẹ́ 17.3 sí 13. Èyí tó bá tóbi ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ sí i, nítorí náà hóró (àwọn àmì kéékèèké bí iyanrìn) kì í tètè bo fọ́tò rẹ̀ níbi tó bá ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá dára, tí kámẹ́rà sì wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta (tripod), ó ṣòro kí olùyẹ̀wò ilé ìtajà tó fojú mọ̀ pé APS-C ni ẹ fi yà á. Bí owó kò bá pọ̀ lọ́wọ́, ẹ ra kámẹ́rà àlòkù tó ṣì dára, kí ẹ fi owó tó kù ra lẹ́ǹsì gidi, ẹsẹ̀ mẹ́ta tó wúwo àti iná.

Fóònù ńkọ́?

Ó ṣeé lò ní ojúmọmọ. Fọ́tò megapixel 12 ti fóònù, 4032 sí 3024, kọjá ohun tí wọ́n béèrè. Wàhálà rẹ̀ ni pé fóònù máa ń tún fọ́tò ṣe kó tó fi hàn yín. Á fọ hóró rẹ̀ dànù, á mú kí etí nǹkan mú ju bó ṣe yẹ lọ, tí ẹ bá wá sún un sí 100%, ewé igi àti irun orí á dà bí ohun tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Ẹ ṣí ètò tó ń ya RAW tàbí DNG (fáìlì fọ́tò tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe) bí fóònù yín bá ní in. Ẹ má fi ìka méjì fa àwòrán súnmọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ yín súnmọ́ ọn. Ẹ má lo ètò tó ń sọ ẹ̀yìn ènìyàn di bàìbàì, nítorí ó máa ń jẹ etí irun àti yẹtí mọ́ ọn. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nu lẹ́ǹsì rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Òróró ìka ọwọ́ lórí lẹ́ǹsì ló sábà máa ń mú kí iná dà bí ẹni pé èéfín bò ó.

Lẹ́ǹsì wo ni kí n kọ́kọ́ ra?

50mm f/1.8 fún full frame, 35mm fún APS-C. (mm ń sọ bí lẹ́ǹsì ṣe ń fa nǹkan súnmọ́ tó, f ń sọ bí ihò rẹ̀ ṣe ṣí tó: bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ihò náà ń ṣí tó.) Owó wọn kò pọ̀, wọ́n sì mọ́ ju lẹ́ǹsì tó bá kámẹ́rà wá nínú páálí lọ. Tí ẹ bá fẹ́ máa ya nǹkan kéékèèké lórí tábìlì, lẹ́ǹsì macro láàárín 90mm sí 105mm ni kó tẹ̀lé e. Fún ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́, 24–70mm ló rọrùn jù.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra f/1.8 máa ń fẹ́ ya gbogbo nǹkan ní f/1.8. Ẹ ṣọ́ra fún un. Ní ihò tó ṣí tó bẹ́ẹ̀, ojú kan ènìyàn lè hàn kedere kí ojú kejì di bàìbàì, olùyẹ̀wò á sì kà á sí fókọ́ọ̀sì tó ṣìnà. Láàárín f/5.6 sí f/8 ni ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì ti ń mọ́ jù. Bí ẹ bá tún pa ihò náà dé títí dé f/16 tàbí f/22, ìmọ́lẹ̀ á máa tẹ̀ bó ṣe ń gba ihò tóóró náà kọjá, gbogbo fọ́tò á sì rọ̀, bí fókọ́ọ̀sì tiẹ̀ bọ́ sójú rẹ̀.

Báwo ni kí n ṣe to kámẹ́rà kí n tó yà?

Fún nǹkan tó dúró jẹ́ẹ́ lórí tábìlì: ẹsẹ̀ mẹ́ta, ISO 100 (ISO ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń mú ìmọ́lẹ̀ lágbára tó; bó bá ga, hóró á pọ̀), f/8, kí shutter (ìlẹ̀kùn tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ wọlé) ṣí bó ṣe yẹ kó pẹ́ tó. Ẹ to kámẹ́rà sí aago ìṣẹ́jú-àáyá 2, kí ìka yín má baà mì ín nígbà tó bá ń yà. Ẹ pa ohun tó ń dènà ìmìtìtì nínú lẹ́ǹsì, nítorí òmíràn nínú wọn máa ń fúnra rẹ̀ mì nígbà tí kámẹ́rà bá dúró sójú kan.

Fún ènìyàn: shutter 1/250 ìṣẹ́jú-àáyá, kí ISO lọ sókè bó bá ṣe yẹ. Ẹ má bẹ̀rù ISO 800. Hóró díẹ̀ ṣeé fọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti di bàìbàì nítorí pé ó ń lọ kò ní àtúnṣe.

Bí ìlà dúdú bá ń gba orí fọ́tò kọjá lábẹ́ iná LED, iná yẹn ló ń tàn tó ń kú, ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan níbi tí iná mànàmáná bá jẹ́ 50 Hz, ìgbà 120 níbi tó bá jẹ́ 60 Hz. Ẹ to shutter sí 1/50 tàbí 1/100 fún ti àkọ́kọ́, 1/60 tàbí 1/120 fún ìkejì, ìlà náà á sì lọ.

Irú iná wo ló yẹ?

Fèrèsé ńlá tí oòrùn kò wọlé tààrà, pẹ̀lú aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú rẹ̀, ni iná tó dára jù tí a kì í rà. Ẹ gbé páálí funfun sí òdìkejì kó máa dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ibi tó ṣókùnkùn. Bí ẹ bá fẹ́ ra iná, ẹ wo nọ́ńbà CRI (tó ń sọ bí iná ṣe ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí gan-an) lára páálí rẹ̀: 95 sókè ló dára. Iná tí CRI rẹ̀ kéré kì í jẹ́ kí pupa hàn bó ṣe yẹ, ara ènìyàn á wá dà bí ara aláìsàn.

Ẹ má jẹ́ kí iná méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ pàdé. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé tó nǹkan bíi 5500 K (Kelvin, ìwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), gílóòbù pupa inú ilé kì í ju 3000 K lọ. Tí méjèèjì bá bà lé ojú ènìyàn kan náà, ẹ̀gbẹ́ kan á pọ́n, èkejì á ní àwọ̀ aró, kò sì sí white balance (ètò tó ń mú kí funfun jọ funfun) tó lè wo méjèèjì sàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pa gílóòbù. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ya káàdì aláwọ̀ eérú kan níbi tí ohun tí ẹ fẹ́ yà wà. Òun ni ẹ máa fi mú àwọ̀ tọ́ lórí kọ̀ǹpútà.

RAW tàbí JPEG?

RAW ni kí ẹ yà, JPEG (fáìlì fọ́tò tí a ti fún pọ̀ kó lè kéré) ni kí ẹ fi ránṣẹ́. JPEG ní ìpele 256 péré fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, RAW oní-bit 14 ní 16,384. Bí ẹ bá gbé òkùnkùn inú JPEG sókè, ojú ọ̀run á di àkàsọ̀ àkàsọ̀. White balance náà kò tíì lẹ̀ mọ́ RAW, ẹ lè yí i bó ṣe wù yín.

Kí ni kí n yà tí ènìyàn á rà?

Ìbéèrè tó gba àròjinlẹ̀ nìyí, ó sì ju ọ̀rọ̀ kámẹ́rà lọ. Ẹni tó ń wá fọ́tò kì í wá “fọ́tò tó rẹwà”. Ó ń wá “obìnrin àgbàlagbà tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà”, “ọwọ́ tó ń ka owó”, “tábìlì iṣẹ́ tó ṣófo”. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, ẹ bi ara yín pé gbólóhùn wo ni oníbàárà máa kọ sínú àpótí àwárí kó tó rí fọ́tò yìí. Tí ẹ kò bá rí ìdáhùn, òun náà kò ní rí fọ́tò yín.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀: ìdá kan nínú mẹ́ta fọ́tò ní ẹ̀gbẹ́ kan tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ògiri tàbí ojú ọ̀run lọ. Ẹ ya ohun kan náà ní ìdúró àti ní ìbú, torí ìdúró ni ojú fóònù ń fẹ́, ìbú sì ni ti ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ yà á láti ọ̀nà jínjìn díẹ̀, kí oníbàárà rí ohun tó máa gé. Lẹ́yìn náà, nínú 60 tí ẹ yà, ẹ mú 4 tàbí 5 tó yàtọ̀ síra gidi. Àwọn ilé ìtajà wọ̀nyí ń dá fọ́tò tó jọra padà, bí a bá sì tiẹ̀ rí èyí tó wọlé, ara wọn ni wọ́n á máa bá du oníbàárà.

Lórí kọ̀ǹpútà, kí ló máa ń ṣáájú?

Ètò iṣẹ́ tó máa ń yọrí rèé. Ẹ lè fi Lightroom Classic tàbí Capture One ṣe é. Bí ẹ kò bá fẹ́ sanwó, darktable àti RawTherapee wà lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì tó fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ da gbogbo fáìlì sínú fódà kan tó ní ọjọ́ lórúkọ, ẹ tún da ẹ̀dà kan sórí dísíkì mìíràn. Ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ lórí káàdì títí ẹ̀dà méjèèjì á fi ṣí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣa fọ́tò. Ẹ sún ọ̀kọ̀ọ̀kan sí 100%, kí ẹ wo ibi tí fókọ́ọ̀sì wà. Èyí tí fókọ́ọ̀sì rẹ̀ bá ṣìnà, ẹ jù ú nù lójú ẹsẹ̀ láìṣàánú rẹ̀, nítorí gbogbo ìṣẹ́jú tí ẹ bá lò lórí rẹ̀ ti ṣòfò.

Nínú èyí tó kù, ẹ tan ètò tó ń tún àṣìṣe lẹ́ǹsì ṣe àti èyí tó ń yọ ìlà àwọ̀ àlùkò tàbí àwọ̀ ewé létí ibi tí funfun ti pàdé dúdú. Ẹ fi káàdì aláwọ̀ eérú mú white balance tọ́. Ẹ tọ́ ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ojú ọ̀run kó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ẹ wá mú ìmọ́lẹ̀ wá sí ìwọ̀n, kí ẹ máa wo histogram (àtẹ tó ń fi bí òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó nínú fọ́tò hàn, òkùnkùn lápá òsì, ìmọ́lẹ̀ lápá ọ̀tún): bí òkè rẹ̀ bá ti lẹ̀ mọ́ ògiri ọ̀tún, funfun ti jóná níbì kan, kò sì sí nǹkan kan tí ẹ lè fà jáde níbẹ̀ mọ́. Ẹ fa ibi tó mọ́lẹ̀ jù wálẹ̀, ẹ gbé òkùnkùn sókè díẹ̀. Díẹ̀ ni o. Tí òkùnkùn bá ti ń mọ́lẹ̀ tó ìmọ́lẹ̀, fọ́tò á tẹ́ bí páálí.

Èyí tó kàn ló ń gba àkókò jù: fífọ àbàwọ́n. Ẹ wà ní 100%, kí ẹ máa rìn láti igun òkè apá òsì dé igun ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún bí ẹni ń gbálẹ̀. Eruku orí sensor máa ń hàn bí àmì roboto aláwọ̀ eérú lójú ọ̀run tàbí lára ògiri. Ẹ wo orúkọ iléeṣẹ́ lára bàtà, bọ́tìnnì, pẹ́ẹ̀nì àti kọ̀ǹpútà. Ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, kí ẹ fọ gbogbo wọn dànù.

Hóró ni kí ẹ fọ̀ tẹ̀lé e, kí ẹ má sì fọ̀ ọ́ títí ara ènìyàn á fi dà bí ike. Ní ti sharpening (mímú kí etí nǹkan mú kedere), 40 tí Lightroom ń fi sí RAW fúnra rẹ̀ ti tó. Ìwọ̀n tí oníbàárà máa fi lo fọ́tò ni yóò sọ bó ṣe máa fi kún un, a kò sì lè mọ̀ ọ́n fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àwọ̀ àrà tó wà lóde. Ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Báwo ni kí fáìlì ìkẹyìn ṣe rí?

JPEG ní ìwọ̀n tó ga jù, 100 nínú Lightroom, 12 nínú Photoshop. sRGB (ìlànà àwọ̀ tí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò) ni kí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá fi Adobe RGB ránṣẹ́, ó lè ṣá lójú ẹni tó ń wò ó. Ẹ má kọ orúkọ yín sí i lára, ẹ má fi férémù yí i ká. Adobe Stock kì í gba fáìlì tó ju MB 45 lọ tàbí tó ju megapixel 100 lọ.

Ẹ má fẹ fọ́tò tóbi ju bí kámẹ́rà ṣe yà á lọ. Dídín in kù ni ohun tó máa ń gbani: fọ́tò 6000 sí 4000 tó ní hóró díẹ̀, bí ẹ bá dín in kù sí 4500 sí 3000, megapixel 13.5 ló kù, hóró náà á sì rọlẹ̀ púpọ̀.

Kí ló dé tí fọ́tò mi dára lójú kọ̀ǹpútà mi, tí wọ́n ní ó ṣókùnkùn?

Iná ojú kọ̀ǹpútà yín ló pọ̀ jù. Bí wọ́n ṣe ń tà á, ó sábà máa ń mọ́lẹ̀ fún ojú tó ń wòran, kì í ṣe fún iṣẹ́ yìí. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá ti tàn jù, ẹ̀yin náà á máa fa fọ́tò sínú òkùnkùn láìmọ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn àwọ̀, irú ti Calibrite tàbí Datacolor, ni kí ẹ gbé lé e, kí ẹ to ojú náà sí 6500 K, gamma 2.2, àti ìmọ́lẹ̀ láàárín 80 sí 120 cd/m². Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ yìí, kó dín iná náà kù títí ojú ewé funfun á fi jọ pépà funfun lábẹ́ iná yàrá, kó sì gbẹ́kẹ̀ lé histogram ju ojú rẹ̀ lọ.

Eruku kì í tán nínú kámẹ́rà mi. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ wá a rí: ISO 100, f/16 tàbí f/22, kí ẹ ya ògiri funfun láìfi fókọ́ọ̀sì sí i, kí ẹ máa rọra mi kámẹ́rà bó ṣe ń yà. Ohun tó bá dúró sójú kan, eruku ni. Ẹ yọ lẹ́ǹsì, ẹ dorí kámẹ́rà kodò, kí ẹ fi rọ́bà tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ẹ má lo afẹ́fẹ́ inú agolo. Omi tútù inú rẹ̀ lè tú sórí sensor, àbàwọ́n rẹ̀ sì burú ju eruku lọ.

Ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kí n tó lè ta fọ́tò rẹ̀?

Gbogbo ẹni tó bá ṣeé dá mọ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀yin pàápàá bó bá jẹ́ ara yín lẹ yà. Model release ni wọ́n ń pe ìwé náà. Ọ̀dọ̀ ilé ìtajà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti gba fọ́ọ̀mù tó yẹ. Ọmọ tí kò tíì tó ọjọ́ orí àgbà, òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ ló máa fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tí ẹ yà á gan-an ni kí ẹ gbà á, nítorí wíwá ènìyàn kiri lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kì í sábà yọrí sí rere. Kì í ṣe ojú nìkan ni wọ́n fi ń dá ènìyàn mọ̀: fínfín ara náà ń tọ́ka sí i, ẹni tó fín in sì lè ní ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ilé àti iṣẹ́ ọnà náà ní ẹlẹ́tọ̀ọ́. Ilé ìṣọ́ Eiffel ní Paris ni àpẹẹrẹ tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu: ọdún 1889 ni wọ́n kọ́ ọ parí, ẹnikẹ́ni ló lè ta fọ́tò rẹ̀ ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n iná tí wọ́n ń tàn sí i lára ní alẹ́ ní ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà lórí.

Bí kò bá sí ìwé, ọ̀nà editorial ṣì wà. Ìròyìn àti ẹ̀kọ́ nìkan ni wọ́n á máa lò ó fún, kì í ṣe ìpolówó ọjà. Ẹ kọ ìlú, orílẹ̀-èdè àti ọjọ́ sínú àlàyé rẹ̀. Ẹ má sì yọ ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀, ẹ má fi kún un. Àmì iléeṣẹ́ tí à ń fọ̀ dànù nínú fọ́tò ìpolówó, ńṣe ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nínú ti editorial.

Ọ̀rọ̀ àwárí mélòó ni kí n kọ?

Shutterstock ń fẹ́ láti 7 dé 50. Adobe Stock kì í gbà ju 49 lọ, ó sì ń ka 10 àkọ́kọ́ sí pàtàkì jù, nítorí náà ẹ to wọ́n bí wọ́n ṣe wúwo sí. 25 sí 35 tó jóòótọ́ dára ju 50 tí a fi ìméfò kún lọ. Ẹ kọ ẹni tó wà níbẹ̀, ohun tó ń ṣe, ibi tó wà, ìrísí ọkàn rẹ̀, iye ènìyàn. Ẹ má kọ orúkọ iléeṣẹ́ kankan. Inú fáìlì gan-an, ní ibi IPTC (àyè fún àlàyé tó máa ń bá fáìlì fọ́tò rìn), ni kí ẹ kọ wọ́n sí kí ẹ tó gbé e jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò fi ní máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i níbi tí ẹ bá tún gbé e lọ.

Ṣé mo lè fi fọ́tò kan náà sí ibi púpọ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, àfi bí ẹ bá ti fọwọ́ sí àdéhùn pé ilé ìtajà kan ṣoṣo ni ẹ ó máa fi í fún.

Àwòrán tí AI yà ńkọ́?

Òfin wọn kò dọ́gba. Getty Images àti iStock ti kọ̀ ọ́ láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Shutterstock kì í gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń fi fọ́tò ránṣẹ́. Adobe Stock ń gbà á bí ẹ bá sàmì sí i pé AI ló yà á. Fífọ eruku tàbí hóró dànù pẹ̀lú ètò tó ní AI nínú kò sọ fọ́tò di ti AI, ṣùgbọ́n fífi igi tí kò sí níbẹ̀ gbin síbẹ̀ jẹ́ nǹkan mìíràn.

Wọ́n dá fọ́tò mi padà. Ṣé kí n tún un fi ránṣẹ́?

Ẹ ka ìdí tí wọ́n kọ. Bó bá jẹ́ hóró, òkùnkùn, eruku tàbí àmì iléeṣẹ́, ẹ padà sínú RAW, ẹ tún un ṣe níbẹ̀. Ẹ má tún JPEG tó ti jáde ṣe, torí gbogbo ìgbà tí a bá fi JPEG pamọ́ padà ló ń pàdánù díẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwé àṣẹ ló kù, ẹ so ó mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ pé ó jọ èyí tí ẹ ti fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ fókọ́ọ̀sì, ẹ gbé kámẹ́rà padà sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ tún un yà.